Kí O Tó Fa Títí Lé Ẹnikẹ́ni Lọ́wọ́

Àkànní, ọmọ mi,

Ìdí tí lẹ́tà yìí fi pẹ́ ni pé n kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá ọ lóhùn. O bèèrè ibi tí ẹ lè mú Títí lọ, níbi tí á ti máa gbé, tí á ti máa ṣiṣẹ́, tí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a kiri. Mo ti rí ibì kan. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ibẹ̀ fún ọ, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ nínú mi. Fara balẹ̀ jókòó, kí o sì kà á tán kí o tó fún Sájẹ́ńtì yẹn lésì kankan.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. O mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń kọ sí ọ, torí Gẹ̀ẹ́sì àti Twi ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé ní Kùmásí, ní Gánà. Tíṣà ará Èkìtì tó ń gbé yàrá iwájú ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Bírò pupa ló fi ń tún àmì orí ọ̀rọ̀ mi ṣe. Èyí kò kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ o, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Níbi tí àmì bá ti ṣì, bá mi kà á bó ṣe yẹ kó rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí n lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Títí, àbúrò Ṣadé ìyàwó rẹ, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú tí ẹ sì ti mú un wá sí Ìlọrin, ilé ìwé méjì ti lé e. Ó gbá tíṣà létí. Ó ti sùn síta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kò sì mọ ibi tó sùn. Ó fọ́ gíláàsì fèrèsé onílé nítorí pé ọmọ onílé pè é ní ọmọ òrukàn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ tuntun wá sọ fún ọ nípa Sájẹ́ńtì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó àwọn ọmọ tó ya ìpátá jọ sí oko rẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ àti ẹgba tún wọn ṣe. O ní kò sí ọmọ tó ń lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí kì í pa rọ́rọ́. O ní Sájẹ́ńtì fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ kí oṣù yìí tó parí. O wá kọ ọ́ pé, "Kí ilé wa lè tòrò, kí òun náà sì lè dèèyàn."

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ilé yín ló kọ́kọ́ wá, Títí ló tẹ̀ lé e. N kò fi bá ọ wí o. O ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yàrá méjì péré lẹ ní. Èmi náà ti fẹ́ kí ilé mi tòrò rí. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ apá Àlàó àbúrò rẹ ni.

Nígbà tí a dé láti Gánà, Ìbàdàn ni ìwọ wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, torí ilé ìwé. Bàbá rẹ ṣì wà ní Kùmásí, ó ń gbá ìyókù ẹrù jọ. Èmi àti Àlàó la jọ wà nínú yàrá kan ní Ẹgbẹ́dá níbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò já geere; bó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Twi á wà níbẹ̀. Kofí ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é. Lẹ́yìn oṣù méjì, kò lọ sílé ìwé mọ́. Àsìkò náà ni gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, tí tipa ń gbé yanrìn kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Àlàó á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn tipa ní Ẹgbẹ́dá, á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkọ̀tún, á tún rọ̀ mọ́ òmíràn padà. Ó ń mu sìgá. Ó ń jà. Lọ́jọ́ kan ó sọ òkúta fọ́ gíláàsì tipa kan, awakọ̀ náà sì fi okùn so ó lọ́wọ́ wá bá mi, gbogbo àdúgbò sì ń wò.

Ojú tì mí. N kò ní purọ́ fún ọ: ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi, àánú ọmọ kò tíì dé. Mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé àwa tí a ti Gánà dé ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ìyá Ràfíù, àgbà obìnrin tó wà ní yàrá kejì sí wa nígbà náà, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwa níbí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá la ń mú irú ẹ̀ lọ. Kó máa gbébẹ̀, kó máa kọ́ṣẹ́. Káfíńtà kan wà ní Ṣáṣá, ará Ọ̀yọ́ ni, èèyàn dáadáa."

"Ṣé mo kàn máa mú un lọ ni, mà?"

"Háà! Àbí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é ní Gánà? Wàá kúnlẹ̀ o. Wàá wá sọ pé, 'Ọmọ yín rèé o. Ẹ bá mi nà án, ojú nìkan ni kí ẹ ṣẹ́kù fún mi.'"

"Ojú nìkan?"

"Ojú nìkan. Tí o ò bá sọ ọ́, wọ́n á ní o ti kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ jàre. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo sọ ọ́. Ó ní ohùn mi le jù, ó dà bíi ti ẹni tó ń ka ìwé fún wọn ní kíláàsì. Mo tún un sọ. Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń fọṣọ, mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń sá a.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Àlàó pé a fẹ́ lọ kí ìbátan bàbá rẹ̀ kan. Aṣọ rẹ̀ ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo gbé dání, mo fi èso bò ó. Nígbà tí a dé ìsọ̀ káfíńtà náà, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà láìṣì í sọ rárá. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní ará Gánà ò gbọ́ Yorùbá?" Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, Àkànní. Inú mi dùn débi pé n kò bojú wẹ̀yìn wo Àlàó. Mo ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́nu títí mo fi délé, bí ọmọ tó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ìwọ tó o ti gbé Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyá máa ń sọ ọ́, ọ̀gá máa ń gbọ́ ọ, ẹnì kankan kì í ṣe é. Wọ́n fi ń sọ fún ọ̀gá pé mo fọkàn tán yín, n kò ní wá bá yín jà nítorí ìbáwí díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí níbí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàó ò mọ̀. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé, ẹnu ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Mo máa ń lọ kí i ní ìparí oṣù, mo sì máa ń ránṣẹ́ ṣáájú pé mò ń bọ̀, torí mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ọ̀gá á fi mí jókòó síwájú ìsọ̀, á ní kí wọ́n ra mínírà fún mi. Àlàó á jáde, á ti wẹ̀, á ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, mà."

N kò bi í léèrè ìdí tó fi ń wọ alápá gígùn nínú ooru.

Ní oṣù kẹjọ, mo lọ láìránṣẹ́. Kì í ṣe ọgbọ́n o. Àgbàdo tútù ni wọ́n fún mi, n kò fẹ́ kó gbẹ. Mo bá Àlàó lẹ́yìn ìsọ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, apá kan ṣoṣo ló fi ń fa pákó. Apá òsì rẹ̀ ti wọ́. Àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ ló fi igi lù ú ní oṣù méjì ṣáájú, nítorí pé ó ba pákó kan jẹ́. Wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Eegun náà so fúnra rẹ̀, ó sì so wíwọ́. Ọ̀gá ò mọ̀. Ilé tuntun ló ń kan òrùlé rẹ̀ kiri Èkó, ó lè má dé ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣẹ́ẹ̀tì tí Àlàó sì fi bo apá náà mọ́ mi lójú ló fi bò ó mọ́ ọ̀gá náà lójú. Nígbà tó dé tó rí apá yẹn, ó ká ọwọ́ lérí. "Ìyá Àlàó, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ta ní í ṣe é?"

Mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀. A ti ń rìn lọ sí ọ̀nà Akówónjọ kí n tó lè la ẹnu.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Oṣooṣù ni mo ń wá."

Kò bínú. Jẹ́jẹ́ ló fi dá mi lóhùn. "Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ojú nìkan ni kí wọ́n ṣẹ́kù. Ojú mi ò ṣe nǹkan kan."

A sọ fún ọ nígbà náà pé ó já bọ́ láti orí àjà. Irọ́ ni. Mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí sí ọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún bọ̀ọ̀dá. Ó ti tó."

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ rèé. N kò tò wọ́n dáadáa, bí wọ́n ṣe wá sí mi lọ́kàn ni.

Àkọ́kọ́, má tan Títí. Má sọ pé ẹ fẹ́ lọ kí ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n bá tàn débì kan, ẹ̀wọ̀n ló máa ka ibẹ̀ sí, ì báà dára bí ààfin. Pe òun àti Ṣadé jókòó, sọ ibi tí ẹ fẹ́ mú un lọ, sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sọ iye oṣù. Tó bá kígbe, jẹ́ kó kígbe tán.

Èkejì, lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn kò retí rẹ. Wo ibi tí wọ́n ń sùn. Wo ṣáláńgá wọn. Jẹ nínú oúnjẹ tí àwọn ọmọ ń jẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá sè fún àlejò. O ní Sájẹ́ńtì sọ pé kí o má wulẹ̀ ṣèyọnu, òun á rán ọkọ̀ wá gbé e. Àkànní, ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ, ó ju ọ̀rọ̀ ẹgba lọ.

Ẹ̀kẹta, má gbára lé ẹnu àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Dáadáa ni wọ́n máa sọ pé àwọn wà. Wá ẹni tó ti kúrò, tí kò sí nǹkan tó ń retí lọ́wọ́ wọn mọ́. Tí o kò bá rí ẹnì kan tó ti kúrò tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ìdáhùn ti dé ọwọ́ rẹ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Bèèrè ohun tí á mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún kan. Tó bá ń ro oko Sájẹ́ńtì, á mọ oko ro lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò jẹ iṣu ọ̀hún? Lójú tèmi, iṣẹ́ tó yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí nǹkan kan máa bàjẹ́ bí òun kò bá dìde ṣe é, tí òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àlàó ń rọ̀ mọ́ tipa kiri, kò sí ohun kankan láyé tó ń dúró dè é.

Kí o tún mọ ọjọ́ tí á máa wálé, àti ẹni tó lè sọ fún bí nǹkan kò bá dára. Kí ẹni náà má jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀.

Lórí ohun tí wàá sọ lọ́jọ́ tí o bá fà á lé wọn lọ́wọ́, fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sílẹ̀. Títí ló yẹ kí o fi ọkàn sí bó o ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá. Sọ lójú rẹ̀ pé o kò fẹ́ kí wọ́n nà án, pé bí wọ́n bá nà án, kó wá bá ọ. Wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́.

Ó kù síbi tí mo rí. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní Ìkọ̀tún tí wọ́n yìn fún mi. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ ilé rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ sì wà lábẹ́ ìbòrí. Mo kí i, mo bá tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi nípa oko adìẹ kan ní Ẹgàn, lẹ́yìn Ìgàndò. Mo mú Àlàó dání. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọmọbìnrin kan tí ìyẹ́ adìẹ wà nínú irun rẹ̀ fi na ọwọ́ dá wa dúró.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ tẹ bàtà yín bọ omi oògùn yẹn kí ẹ tó wọlé."

"Ọmọ mi, ìyá yín ni mo wá kí."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Bí àrùn bá wọlé, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé òkú adìẹ jù nù."

Àlàó rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bàtà mi bọ omi.

Ẹni tó ni ibẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìkọ̀lé Èkìtì. Màmá Ìkọ̀lé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ilé adìẹ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn. Òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń kó ẹyin wọn, òun ló gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà ní Ìkẹjà ló ń ra ẹyin náà. Lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé.

"Èyí tó dá yín dúró yẹn," Màmá Ìkọ̀lé ní, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, "ọ̀sẹ̀ tó dé ló gé mi jẹ. Ẹ wo ojú eyín rẹ̀. Ó dáa, ẹ sọ ti ọmọ yín fún mi."

Mo sọ ọ́, n kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ó gbá tíṣà létí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni tíṣà náà kọ́kọ́ ṣe fún un?"

N kò mọ̀. Ìwọ náà kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ. Bi í léèrè.

"Ṣé kí a mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà?"

"N kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kì í gbà á lọ́wọ́ ìyá tó bí i pàápàá. Kó wá ṣe àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun fẹ́ dúró. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ mú un lọ."

"Bó bá sá ńkọ́?"

"Ẹ rí géètì níbí ni? Mẹ́ta ti sá. Méjì padà wá. Ọ̀kan ní ebi ló dá òun padà. Èkejì ní òun ò fọkàn tán ẹni tó ń bá òun bọ́ adìẹ."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀kẹta ò padà."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Gbogbo àsìkò tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, adìẹ ni mò ń wò. Àlàó ò wo adìẹ. Apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ló ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ó ní, "Ọ̀kan nínú wọn ní àpá lórúnkún. Mo bi í, ó ní orí kẹ̀kẹ́ lòun ti ṣubú. Ó fi kẹ̀kẹ́ náà hàn mí."

Mo sì rí ẹnì kan tó ti kúrò níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ẹgbẹ́dá níbí. Ó ní ibẹ̀ ń rùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìwọ ò ní gbọ́ òórùn náà mọ́, àmọ́ ẹni tó bá jókòó tì ọ́ nínú bọ́ọ̀sì á gbọ́ ọ. "Ẹnu Màmá yẹn burú ṣá, mà. Wọ́n bú mi lọ́jọ́ kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò kàn mí rí." Mo bi í bóyá ó lè mú àbúrò tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó ní, "Tí àbúrò mi bá ní òun fẹ́ lọ ni."

Nítorí náà, Àkànní ọkọ mi, kọ̀wé sí Sájẹ́ńtì lónìí pé o dúpẹ́, o kò mú un wá mọ́. Ọ̀gá rẹ lè bínú nítorí pé òun ló júwe rẹ̀, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́ náà ni. Fara dà á. Bí Títí bá gbà láti wo Ẹgàn, ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá bá mi, má fi í rán awakọ̀. Bí kò bá gbà, n kò tíì mọ ibòmíràn. Ẹ ó jọ wà nínú yàrá méjì yẹn títí a ó fi tún rí òmíràn, kò sì ní rọrùn fún yín, pàápàá fún Ṣadé. Bá mi kí i dáadáa.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn kì í ṣe tìrẹ. Mo ti ká a lọ́tọ̀. Fi í fún Títí, kó kà á fúnra rẹ̀. Kí ìwọ àti Ṣadé má kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá rẹ ni.

~

Títí,

Èmi ni ìyá Àkànní, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan la ríra. O jókòó sẹ́yìn, o kò sì jẹun. Wọ́n ti sọ púpọ̀ fún mi nípa rẹ. N kò tíì gbọ́ ọ̀kankan lẹ́nu rẹ.

Oko adìẹ kan wà ní Ẹgàn, nítòsí mi níbí, tí àwọn ọmọbìnrin bíi tìrẹ ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ó ń rùn. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá tó ni ibẹ̀ máa ń bú èèyàn, kì í na èèyàn. Mo wò ó fúnra mi, ọmọ mi tó mọ̀ ọ́n wò jù mí lọ náà sì wò ó. Tí o bá fẹ́, wàá lọ ṣe àlejò ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ lo máa sọ bóyá o fẹ́ dúró, a ò ní bá ọ sọ ọ́.

Mo fi àpòòwé kan sínú ìwé yìí, mo ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, àdírẹ́sì mi sì wà lára rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kọ ọ́. Kọ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kí o kọ rárá. Èyíkéyìí tí o bá kọ, ohun tí màá sọ fún wọn nìyẹn.